Ẹ Béèrè Iye Ọmọ Kí Ẹ Tó Gba Máàkì Ilé Ìwé Gbọ́

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń wá ilé ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé máàkì ilé ìwé àdúgbò, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ilé ìwé láti inú èsì ìdánwò àwọn ọmọ, ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kí wọ́n tó béèrè rẹ́ǹtì. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba náà bá kéré, èrò ọkàn mi ni pé máàkì yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ sá, kò sì tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ san owó ilé gọbọi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní ọmọ 84 ló wà níbẹ̀, láti jẹ́léósinmi dé kíláàsì karùn-ún. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ọmọ 14 ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa dán ọmọ wò nínú ìwé kíkà àti ìṣirò lọ́dọọdún láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, nítorí náà ìdajì ilé ìwé ọ̀hún kò tiẹ̀ sí nínú máàkì náà rárá. Ní kíláàsì kẹta, ọmọ 9 nínú 14 yege: ìyẹn 64%. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ 7 ló yege nínú 14: 50%. Tíṣà kan náà, ìwé kan náà, yàrá kan náà. Ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè á ní ilé ìwé ti ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ méjì péré ni. Ó lè jẹ́ ìdílé kan ló kó lọ.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí ẹ kó èsì ọdún mẹ́ta jọ. Ẹ ro iye tó yege pọ̀, ẹ ro iye tó jókòó ṣe ìdánwò pọ̀, kí ẹ wá fi èkejì pín èkíní. Nínú ọmọ 42, ọmọ kan kò lè gbé nọ́ńbà yẹn sókè tàbí sílẹ̀ ju 2.4% lọ. Ẹ má kàn ro ìdá ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ pín in sí mẹ́ta o. Bí iye ọmọ kò bá dọ́gba lọ́dọọdún, ó lè tàn yín.

Nígbà mìíràn, ẹ ò tiẹ̀ ní rí nọ́ńbà gan-an. Kí aráyé má baà mọ ọmọ ẹni tó fìdí rẹmi, ìjọba àpapọ̀ máa ń bo èsì ẹgbẹ́ kékeré. Bí ọmọ tó ṣe ìdánwò kò bá ju 5 lọ, wọn kì í kọ nǹkan kan. Láti 6 dé 15, wọ́n á kàn sọ bóyá ó tó ìdajì tàbí kò tó o. Láti 16 dé 30, àlàfo gbọọrọ ni wọ́n ń kọ, bíi 40-59%. Ilé ìwé méjì tí ọmọ 25 ṣe ìdánwò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jọ wà nínú àlàfo yẹn, kí ọmọ 10 yege ní ọ̀kan, kí 14 yege ní ìkejì.

Ti irú ọmọ tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni àṣìlóye pọ̀ sí jù, pàápàá nọ́ńbà oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń díwọ̀n òṣì. Tẹ́lẹ̀, ó ní ìtumọ̀ tó ṣe tààrà: ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò ju 130% ààlà òṣì tí ìjọba fà lọ, ọmọ rẹ̀ ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó bọ́ sáàárín 130% sí 185% ń san owó táṣẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ń pè ní Community Eligibility Provision ti wà báyìí, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé á máa jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé òbí kọ fọ́ọ̀mù oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń wò ni iye ọmọ tí ìdílé wọn ti wà lórí ìrànwọ́ bíi SNAP, ìyẹn owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún aláìní. 40% ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 25% ní 2023. Ẹ lè wá rí 100% lórí ìwé nítorí ètò yìí nìkan. Ẹni tó bá rí i tó sì sá ti torí ohun tí kò mọ̀ sá.

Ti ẹ̀yà kò gba àlàyé púpọ̀. Inú àpótí «Black or African American» ni wọ́n ń ka ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Houston sí, pẹ̀lú ọmọ Haiti àti ọmọ tí ìran rẹ̀ ti wà ní Mississippi láti ìgbà ẹrú. (Kò sí àpótí Ìjẹ̀ṣà.)

Fọ́ọ̀mù tó ń dààmú àwọn èèyàn wa gan-an ni èyí tó ń béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Bí ẹ bá kọ Yorùbá síbẹ̀, wọ́n lè dán Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wò, ọ̀pọ̀ òbí sì ń torí ẹ̀ fi Yorùbá pamọ́. Mi ò rí ohun ìtìjú níbẹ̀. Bí ọmọ bá yege, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá yege, ilé ìwé gbọ́dọ̀ fi tó yín létí láàárín ọjọ́ 30 tí ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fi í sí kíláàsì àfikún Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ ò fẹ́ kíláàsì àfikún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á ṣì máa dán Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Èmi ìbá ní kí ẹ wo bí ọmọ ṣe ń tẹ̀ síwájú láti ọdún dé ọdún ju kí ẹ wo ibi tí wọ́n dé lọ. Sean Reardon ti Yunifásítì Stanford kó èsì ìdánwò jákèjádò Amẹ́ríkà jọ, ó sì rí i pé ibi tí ọmọ dé ń tẹ̀ lé owó òbí gan-an, ṣùgbọ́n ìtẹ̀síwájú kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní Chicago, tí òṣì kò ṣàjèjì sí, àwọn ọmọ kọ́ ohun tó tó ọdún mẹ́fà láàárín ọdún márùn-ún, láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ.

Ẹ tún wo ìpajẹ. Ọmọ tó bá pa 10% ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ, ìyẹn ọjọ́ 18 nínú 180, ti bọ́ sínú àwọn tí wọ́n ń kà sí apajẹ paraku, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń ka èyí mọ́ máàkì ilé ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ sílé láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, tó di àárín Oṣù Kìíní kí ẹ tó padà, ẹ mọ ara yín. Ọmọ mẹ́rin nínú 84 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5%.

Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì ilé ìwé, ẹ béèrè iye ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́léósinmi tó ṣì wà ní kíláàsì karùn-ún, àti iye tíṣà tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bí wọ́n bá ní kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún yóò jọ jókòó sínú yàrá kan, ẹ béèrè ẹni tó máa kọ́ àwọn ti ìkarùn-ún ní ìṣirò, àti ìgbà wo lóòjọ́.