Eruku ọyẹ́ àti àwọn tó fẹ́ máa da irin sókun

Láàárọ̀ yìí mo ń nu tábìlì, eruku ọyẹ́ ti bò ó kanlẹ̀, mo fi ìka fà á báyìí, ìlà yọ gbọọrọ, ó kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ká tó máa ṣépè fún un, ẹ jẹ́ n sọ tọkàn mi. Púpọ̀ nínú eruku yẹn, Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ló ti ń bọ̀, omi ńlá ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ kó tó gbẹ, atẹ́gùn á gbé e kọjá lórí òrùlé wa, á lọ da ìyókù sínú òkun Àtìláńtíìkì. Irin wà nínú ẹ̀, irin ọ̀hún sì ni ajílẹ̀ fáwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tíntìntín inú òkun tí wọ́n ń pè ní phytoplankton.

Ojú lásán ò lè rí wọn o. Èyí tó ń jẹ́ Prochlorococcus, tẹ́ ẹ bá bu omi òkun ṣíbí kan péré níbi tó pọ̀ sí, ó lè ju 100,000 lọ nínú ẹ̀, síbẹ̀ ọdún 1988 làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn ẹ̀ fáyé. Iṣẹ́ ewé igi ni gbogbo àwọn phytoplankton ń ṣe, oòrùn ni wọ́n fi ń se oúnjẹ wọn, wọ́n ń fa kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́, èyí tó ń jáde tá a bá ń jó epo, tó sì ń mú ayé gbóná, bí ìdajì irú iṣẹ́ yẹn láyé ọwọ́ wọn ló wà, tí wọ́n bá wá kú, tàbí tí ẹran omi jẹ wọ́n tó sì yàgbẹ́, díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù yẹn á rì lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ó lè lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún níbẹ̀.

Ibi tó ń bí mi nínú rèé. Àwọn kan ní tó bá jẹ́ irin làwọn phytoplankton ń jẹ, ká kúkú fi ọkọ̀ òkun kó irin lọ bá wọn kí wọ́n lè pọ̀ sí i, kí wọ́n máa bá wa fa kábọ́ọ̀nù, ká wá máa jó epo wa lọ. Wọ́n ti dán an wò mà! Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ Íńdíà àti Jámánì da bíi tọ́ọ̀nù 6 irin sínú òkun gúúsù, lọ́nà Antarctica. Àwọn nǹkan náà hù lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó máa ń ní èèpo bíi gíláàsì, tó máa ń tètè rì, ò rí ohun tí wọ́n á fi kọ́ èèpo wọn nínú omi yẹn, àwọn tí ara wọn rọ̀ ló hù, làwọn ẹran omi kéékèèké tó jọ edé bá dà bò wọ́n, wọ́n jẹ wọ́n, kábọ́ọ̀nù tó rì ò tó nǹkan.

Epo tá à ń jó yẹn náà ló ń mú ojú òkun gbóná, tó bá sì ti gbóná jù, oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ omi kì í ráyè gòkè tọ àwọn phytoplankton wá mọ́. Ẹ fi irin yín sílẹ̀ jàre. Iná gáàsì tó ń jó tọ̀sán tòru ní Niger Delta, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa.