Irọ́ ni pé ṣọ́jà Amẹ́ríkà kì í ka kírẹ́dìtì ìdánwò

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ ti gba green card tẹ́ ẹ sì ń ronú àtiwọ ṣọ́jà, ẹ dákun ẹ gbọ́ mi. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní pátí, lórí WhatsApp, pé kírẹ́dìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tí ológun máa ń wò láti fi ránkì tó ga síwájú ẹni tó bá ń wọlé, téèyàn bá fi ìdánwò gbà án, bíi CLEP àti DSST (ìdánwò téèyàn ń ṣe láti gba kírẹ́dìtì láìjókòó sí kíláàsì), ológun ò ní kà á, àfi tẹ́ni tó jókòó sí kíláàsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o! Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ káwọn ọmọ wa kan wọlé ní E-1, ránkì ìsàlẹ̀ pátápátá, nígbà tí wọn ì bá ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń dùn mí.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Èèyàn á ṣe CLEP, máàkì ibẹ̀ 20 sí 80 ni, 50 ni wọ́n sábà máa ń kà sí pé o yege, á tẹ èsì ẹ̀ jáde, á gbé e lọ bá recruiter, ìyẹn ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun, recruiter á ní èyí ò ṣe é lò, lònítọ̀hún bá délé tó ń sọ fún gbogbo ayé pé wọn ò gba CLEP. Bébà yẹn ni wọn ò gbà, wọn ò sọ pé ìdánwò ò dáa. College Board tó ni CLEP kì í ṣe yunifásítì, kò lè fún ẹnikẹ́ni ní kírẹ́dìtì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ní accreditation, ìyẹn èyí tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó kún ojú ìwọ̀n, ló máa gba èsì yẹn lọ́wọ́ College Board, táá kọ ọ́ sínú transcript tiẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ kírẹ́dìtì èèyàn sí, pé lágbájá ní kírẹ́dìtì 3 nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì báyìí. Transcript yẹn ni recruiter fẹ́ rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ò jọ kan ṣá o, àwọn kan ò gbà ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn bíi Thomas Edison State University ní New Jersey àti Excelsior University ní New York máa ń gba kírẹ́dìtì ìdánwò tó pọ̀ gan-an.

Nínú Army, kírẹ́dìtì 24 á gbé yín dé E-2, 48 á gbé yín dé E-3, ti Air Force tiẹ̀ kéré sí i, 20 àti 45. Owó oṣù E-1 àti E-2 fi ju 200 dọ́là lọ síra wọn, oṣooṣù o, ẹ wá ro iye tó máa jẹ́ lọ́dún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Kútọnu tàbí Tógò wá, tẹ́ ẹ ti fi Faransé kàwé láti kékeré, ẹ gbọ́ tiyín lọ́tọ̀: CLEP ní ìdánwò Faransé, tẹ́ ẹ bá gba 59 níbẹ̀, kírẹ́dìtì 9 ni wọ́n dámọ̀ràn kí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún yín. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún mìíràn tó jẹ́ kírẹ́dìtì 3, 3, ó ti di 24 nìyẹn. Owó ìdánwò kan ń lọ sí bí 100 dọ́là, àmọ́ àjọ kan tó ń jẹ́ Modern States ń kọ́ọ̀yàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá sì parí kọ́ọ̀sì yẹn wọ́n á fún yín ní voucher tó máa dípò owó ìdánwò yẹn.

Ẹni tó bá ti gba degree ní Nàìjíríà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí CLEP, ẹ lọ ṣe evaluation ìwé yín, ìyẹn ni kí wọ́n fi wé ti Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà nínú NACES, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, torí bachelor's lè gbé yín wọ Army ní E-4 tààrà.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí jù ni àsìkò. Ẹ jẹ́ kí transcript dọ́wọ́ recruiter kẹ́ ẹ tó lọ buwọ́ lùwé ní MEPS, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara ẹni tó fẹ́ wọ ológun wò tí wọ́n sì ń gbà á wọlé, tí wọ́n bá sì gbé contract síwájú yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ránkì sí dáadáa. Tó bá jẹ́ E-1 ni wọ́n kọ, ẹ béèrè ìdí ẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bírò.