Ẹ Dá Òjé Ògijo Dúró ní Èbúté

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti àwọn akọ̀ròyìn The Examination gbé ìwádìí kan jáde nípa Ògijo, ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti fẹnu kan Ìkòròdú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé, irin tí òyìnbó ń pè ní lead, láti inú bátìrì àlòkù. Nínú èèyàn 10, 7 ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tó ń ṣèpalára. Gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ni òjé ti wọ̀ lára. Ó ju ìdajì àwọn ọmọdé lọ tí tiwọn ti pọ̀ débi tó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n bú ìjọba. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìwádìí náà tí a rò pé òun gan-an ló yẹ kí a dì mú. Àwọn akọ̀ròyìn yẹn kò dúró ní Ògijo. Wọ́n tẹ̀lé òjé náà láti ẹnu iléru dé èbúté Èkó, wọ́n tọ ipa rẹ̀ sínú ọkọ̀ òkun, wọ́n bá a dé Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe bátìrì ọkọ̀ tuntun. Bí akọ̀ròyìn tí kò ní àṣẹ kankan lọ́wọ́ bá lè rí ọ̀nà yìí dé òpin, ìjọba tó ní aṣọ́bodè, tó ní èbúté, tó ní òfin, kò ní àwíjàre. Ohun tí a dúró lé nìyí: kí òjé kankan má ṣe gun ọkọ̀ ní Èkó mọ́ àfi tí ìwé bá bá a rìn, ìwé tó fi hàn ilé iṣẹ́ tó yọ́ ọ, bí wọ́n ṣe yọ́ ọ, àti ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn tó yọ́ ọ wí.

A kò sọ pé kí wọ́n má tún bátìrì lò. Ta ni kò mọ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ké "kọ́ńdẹ́m bátìrì" lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àti lẹ́nu ọ̀nà onílé? Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Òjé kì í gbó. Èèyàn lè yọ́ ọ lónìí, kó tún un yọ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i, bákan náà ló máa wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣòwò bátìrì sọ pé nǹkan bí 99 nínú 100 bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà padà. Lọ́dọ̀ tiwa, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, ẹni tó bá ti rówó ń kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀, ó ń bọ́ sídìí sólà àti ínfátà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bátìrì abẹ́ ínfátà wọ̀nyẹn, òjé ló wà nínú wọn. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n á kú, ibi tí ti ọkọ̀ ń lọ ni àwọn náà á lọ. Iṣẹ́ yìí yóò máa gbilẹ̀ sí i, bí a fẹ́ bí a kọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni ìjà wa. Bó ṣe yẹ kó rí rèé: wọ́n á gbé bátìrì dé lódindi, pẹ̀lú omi inú rẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò fọ́ ọ nínú ilé tí a sé, wọ́n á pa agbára ásíìdì rẹ̀ kí wọ́n tó dà á nù, èéfín iléru á gba inú asẹ́ kọjá, òṣìṣẹ́ á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, á wẹ̀ kó tó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílé. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni àdá àti àáké. Wọ́n á ṣá bátìrì là, wọ́n á da omi rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á kó awo òjé inú rẹ̀ sí iléru. Èéfín á gbéra sókè, á sì padà wá bà sórí òrùlé, sínú kànga, sára aṣọ tí wọ́n sá, sórí ẹ̀fọ́ lóko.

Òjé kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe nínú ara èèyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè pè ní aláìléwu. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó ń ba oyún jẹ́. Ọmọdé ló ń bá jà jù, torí ara wọn ń fa òjé mọ́ra ju ti àgbà lọ, ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣeré, ọwọ́ kan náà ni wọ́n ń kì bọ ẹnu. Ọmọ tó gbọ́n tẹ́lẹ̀ á di ẹni tí kò lè fọkàn sí nǹkan mọ́. Olùkọ́ á ní olódo ni, ìyá rẹ̀ á máa gbé e kiri ilé àdúrà, kò sì ní sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ á lọ sórí bátìrì. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì, tí wọ́n sì ń sẹ́ iyanrìn ibẹ̀ láti rí òjé tà, ọmọ 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008. Kò sí ìjọba kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó lè sọ lónìí pé òun kò gbọ́.

Kí ló dé tí òfin kò fi rí i mú? Àdéhùn Basel, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1989, ka bátìrì àlòkù sí ẹrù eléwu. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orílẹ̀-èdè tó ń gbé e lọ sí mọ̀, kí wọ́n sì gbà kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n bí bátìrì náà bá ti gba inú iléru kọjá, tó di búlọ́ọ̀kù òjé, ó ti kúrò lẹ́rù eléwu, ó ti di ọjà. Aṣọ́bodè á kà á, á ní kó máa lọ. Gbogbo májèlé iṣẹ́ náà ti kù sẹ́yìn ní Ògijo. Èyí tó mọ́ nìkan ló gun ọkọ̀. Amẹ́ríkà tó ń rà á pàápàá buwọ́ lu àdéhùn yìí ní 1990, kò sì tíì sọ ọ́ di òfin nílé rẹ̀.

Yúróòpù náà fi àlàfo sílẹ̀. Òfin bátìrì tí wọ́n ṣe ní 2023 sọ pé láti 2031, ó kéré tán 85 nínú 100 òjé tí wọ́n bá fi ṣe bátìrì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n tún lò. Òfin kan náà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wádìí ibi tí kobalt, lithium, nickel àti graphite wọn, àwọn ohun tí wọ́n ń wà nílẹ̀ láti fi ṣe bátìrì, ti wá. Òjé kò sí lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Wọ́n ń béèrè òjé àtúnlò púpọ̀ sí i láì béèrè irú ọwọ́ tó tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ tó bá rà á yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọjà tó ń dáàbò bo àyíká ni, bí òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tiwa tilẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Nínú oṣù kẹsàn-án 2025, kí ìwádìí náà tó jáde, ìjọba àpapọ̀ ti díẹ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí pa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sẹ́nu iṣẹ́. A kò gbà pé títì pa lásán ni oògùn rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá tì, bátìrì kò ní yéé kú; ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n á ti máa fọ́ ọ, níbi tí ojú NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, kò ní tó. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá nìyẹn. Owó ló ń gbé òjé rìn, èbúté sì ni owó ọ̀hún ń gbà wọlé.

Kò sí kọ̀ńténà ọjà tó ń lọ sókè òkun lọ́nà òfin láì ní fọ́ọ̀mù NXP, ìwé tí olùtajà fi ń kéde ọjà tó ń kó jáde, tí wọ́n ń ti ọwọ́ báǹkì gbà. Láti 2022 ni àjọ tó ń ṣàkóso èbúté, NPA, ti ń fún àwọn ibùdó kan láṣẹ láti gba ẹrù bẹ́ẹ̀, kí ètò rẹ̀ parí kó tó dé Àpápá tàbí Tin Can. NESREA sì ní òfin bátìrì tí wọ́n ṣe ní 2024. Ohun tó kù ni kí wọ́n so wọ́n pọ̀: kí báǹkì má gba NXP òjé wọlé láì sí ìwé NESREA, kí ibùdó má gba ẹrù náà, kí aṣọ́bodè má fọwọ́ sí i. Kò gba owó ńlá, kò sì gba kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó lé e lórí fún ọdún mẹ́ta.

Àwọn kan á fẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀ gbé òjé wọn lọ sí Kútọnu. Ó dá wa lójú pé wọ́n á gbìyànjú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbọ́dọ̀ bá ti Benin sọ̀rọ̀ báyìí, kí ìwé kan náà máa ṣiṣẹ́ ní èbúté méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ iye owó ló le jù. Ẹni tó ra asẹ́ èéfín, tó ń sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò lè dá iye tí ẹni tó ń da ásíìdì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ń dá lé bátìrì kọ́ńdẹ́m. Ọlọ́mọlanke kò ní ṣàì gbé e lọ síbi tí owó ti pọ̀, a kò sì lè bá a wí. Báyìí ni ẹni tó ń ṣe é dáadáa ṣe ń kógbá sílé. Bí èbúté bá sé mọ́ ẹni tó ń ṣe é níṣekúṣe, ẹni tó ṣe dáadáa á rí bátìrì rà, á sì lè gba òṣìṣẹ́ sí i. Bí òjé bá tìtorí bẹ́ẹ̀ wọ́n díẹ̀ lókè òkun, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ara àwọn ọmọ Ògijo ni wọ́n ti ń gba ẹ̀dínwó náà láti ọjọ́ yìí wá.

Kí ìjọba Ògùn àti ìjọba àpapọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọdé Ògijo wò, kí wọ́n tọ́jú èyí tí òjé ti bá jà, kí wọ́n kó erùpẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti àgbàlá tó ti bàjẹ́ kúrò, kí owó rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ àwọn tó yọ́ òjé àti àwọn tó rà á wá. Ní ti Àpápá àti Tin Can, kọ̀ńténà òjé tó bá dé láì ní ìwé, kí wọ́n dá a padà sí ilé iṣẹ́ tó ti wá, kí owó ìdápadà wà lọ́rùn ẹni tó fẹ́ tà á, kí wọ́n sì gbé orúkọ ẹni tó fẹ́ rà á jáde fún gbogbo ayé.