Pé ó wà lórí Wikipedia kò sọ ímeèlì di òótọ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè na fóònù wọn sí mi. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní lọ́yà kọ ímeèlì sí wọn pé oníṣòwò ńlá kan kú nínú bàálù tó jábọ́, kò ní àrólé, owó rẹ̀ sì wà ní báǹkì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbájúẹ̀ ni o." Wọ́n ní rárá, kí n tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀. Ojú ìwé Wikipedia ló ṣí: orúkọ bàálù, ọjọ́ tó já, iye èèyàn tó kú. "Ṣé o ti rí i? Wikipedia ò lè parọ́."

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, ó sì ń ba ilé jẹ́.

Òótọ́ ni, ojú ìwé yẹn ò parọ́. Ṣùgbọ́n kí ló jẹ́rìí sí? Ikú nìkan ni. Kò dárúkọ lọ́yà, kò dárúkọ owó. Ẹni tó kọ ímeèlì ka ohun tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ó wá so irọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá mọ ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá yín, ṣé ìyẹn sọ mí di ọmọ bàbá yín? Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Nígbà tí bàálù Concorde já nítòsí Paris ní ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 2000, àwọn oníjìbìtì fi ìròyìn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí nínú irú lẹ́tà yìí.

Ìgbà mìíràn, àwọn fúnra wọn ló ń kọ irọ́ náà síbẹ̀, torí ẹnikẹ́ni ló lè ṣàtúnṣe sí Wikipedia. Ní 2006, àwọn ọ̀daràn wọ ojú ìwé Blaster lórí Wikipedia èdè Jámánì. Blaster ni kòkòrò tó da kọ̀ǹpútà Windows láàmú ní 2003. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú rẹ̀ tuntun ti dé, wọ́n sì fi líǹkì oògùn rẹ̀ síbẹ̀. Oògùn yẹn gan-an ni kòkòrò. Wọ́n wá fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn ará Jámánì, bí ẹni pé Wikipedia ló kọ ọ́.

Àwọn olóòtú rí irọ́ náà, wọ́n yọ ọ́. Ibi tó ta mí lára jù rèé: Wikipedia máa ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ yẹn ni wọ́n ń darí èèyàn sí. Ojú ìwé ti mọ́, ẹni tó bá tẹ líǹkì ṣì ń bọ́ sínú irọ́.

Mo fẹ́ràn Wikipedia, èmi náà ń kọ díẹ̀díẹ̀ sí ti Yorùbá. Àmọ́ ní 2005, irọ́ nípa oníròyìn ará Amẹ́ríkà, John Seigenthaler, lo bí oṣù mẹ́rin níbẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí ímeèlì bá darí yín síbẹ̀, ẹ má gba líǹkì rẹ̀ kọjá. Ẹ fúnra yín wá ojú ìwé náà, kí ẹ tẹ ibi ìtàn àtúnṣe, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá orúkọ lọ́yà yẹn fún mi lójú ìwé Wikipedia náà. Wọ́n wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n wá gbé fóònù lé orí tábìlì. ₦45,000 "owó fọ́ọ̀mù" tí wọ́n ti kà sọ́tọ̀ ṣì wà nínú báàgì wọn.