Ẹsẹ̀ Mi Ni Aago Yìí Ń Kà, Kì Í Ṣe Ọkàn Mi

Inú ń bí mi, mi ò sì ní bò ó. Ọ̀já kan tí mò ń so mọ́ àyà ni mo fi ń ka ìlù ọkàn mi tẹ́lẹ̀ tí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́. ₦85,000 tí mo fi òógùn ojú mi wá ni mo kà lé ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, torí ó fi gbogbo ẹnu sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ ju ọ̀já àyà yẹn sígbó. Aago ọwọ́ yìí á máa ka ọkàn yín dáadáa. Kò sí ohun tí ọ̀já yẹn ń ṣe tí aago yìí ò lè ṣe." Mo tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì pé kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn o, kì í ṣe pé mo kàn ń rìn kiri. Ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀.

Irọ́ ni! Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ẹni ọdún 47 ni mí, mo sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà mi fọwọ́ sí i pé kí n máa gun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé tí ọkàn mi bá ti ń lù kọjá 130 ní ìṣẹ́jú kan, kí n rọra. Nọ́ńbà tí mò ń wò yẹn kì í ṣe fáàrí. Òun ni mo fi ń mọ̀ bóyá kí n máa lọ tàbí kí n sọ̀ kalẹ̀.

Sátidé tó kọjá, mo gbéra ní Dùgbẹ̀ ní ìdájí, mo kọjú sí òkè Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá ti fi kẹ̀kẹ́ gun òkè yẹn rí mọ̀ pé kì í ṣe eré. Nígbà tí mo máa fi dé ìdajì rẹ̀, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn ti ń wọ̀ mí lójú. Mo wo aago: 78. Iye tí ọkàn ẹni tó jókòó sí yàrá tó ń mu tíì ń lù nìyẹn! Mo wá wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ń yí pẹ́dà ní ìṣẹ́jú kan. 78 ni òun náà kọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo fi ìka méjì sí ọrùn, mo kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ó lù nígbà 39. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 156.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ọkàn mi ti wà ní 156, aago ń sọ fún mi pé ara mi balẹ̀, ẹsẹ̀ mi ló ń kà! Tí mo bá gbà á gbọ́, tí mo sì tún tẹ pẹ́dà sí i ńkọ́?

Mo wá lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ aago máa ń tàn wọ inú awọ ara, ẹ̀jẹ̀ á gba díẹ̀ mọ́ra, aago á sì máa wo ìyókù tó padà wá. Bí ọkàn bá ṣe ń lù ni ẹ̀jẹ̀ ń wá tó ń lọ, ohun tí aago ń kà nìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ di nǹkan mú gírígírí, ọrùn ọwọ́ tẹ̀, iṣan le, ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn dáadáa. Gbogbo kòtò inú títì Ìbàdàn ló sì ń gba ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gòkè wá. Tí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n, iná yẹn náà á máa gbọ̀n, aago á wá gbá ìlù ẹsẹ̀ mú bí ẹni pé ìlù ọkàn ni. Àwọ̀ dúdú tiwa náà máa ń gba díẹ̀ nínú iná aláwọ̀ ewé yẹn mọ́ra kó tó débi ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa èyí lára páálí tí wọ́n kó fún mi.

Àwọn tó ń sọ pé kí n padà sídìí ọ̀já àyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná. Mo gbà pé kì í sábà purọ́, torí iná mànàmáná tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń tú jáde ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ kọ́mù ló ń jókòó sí. Wákàtí méjì péré lórí kẹ̀kẹ́, ó ti bó mi lára, tí omi ìwẹ̀ bá kàn án, ó ń ta bí ata. Tí mo bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á yọ̀ wá sí ikùn. Nígbà ọyẹ́ ló tún burú jù, torí ó fẹ́ kí omi díẹ̀ wà lára awọ kó tó lè gbọ́ràn, ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára gbígbẹ náà tún ń da iná tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ìgbà kan wà tó kọ 213 nígbà tí mo ṣì ń ti kẹ̀kẹ́ jáde ní géètì. Tí mo bá ráhùn, wọ́n á ní kí n fara dà á. Kí ló dé tí mo fi ní láti fara da egbò?

Òrùka ìka tó ń ka ìlù ọkàn tí wọ́n ń polówó, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan náà ló ń fún un pọ̀. Èyí tí wọ́n ń kì bọ etí, mi ò ní dí etí mi lójú títì tí máíkírà àti ọ̀kadà wà lẹ́yìn mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ló yá mi ní ọ̀já apá. Iná kan náà ni, ṣùgbọ́n òkè apá ló ń wà, níbi tí ẹran ara pọ̀ sí, tí kò sí egungun nítòsí, tí kì í sì í gbọ̀n bí ọrùn ọwọ́. Ó ń fi Bluetooth bá fóònù mi sọ̀rọ̀. Mo wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀já àyà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò fi ju ìlù kan tàbí méjì lọ yàtọ̀ síra. Ìgbà tí mo bá ṣàdédé sáré nìkan ló ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bá mi. Ibi tó wá gbóná mọ́ mi nínú jù nìyí: nǹkan yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Láti 2017 ni ilé iṣẹ́ Polar ti gbé ọ̀já apá tí wọ́n pè ní OH1 jáde, òmíràn tó ń jẹ́ Verity Sense tẹ̀lé e ní 2021. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pa òróró sí egbò abẹ́ ọmú, ó wà lọ́jà.

Mo padà lọ bá ọmọkùnrin yẹn. Ó ní àwọn ò tà á, pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ó wà? Ó tún kọ̀ láti gba aago náà padà, ó ní mo ti wọ̀ ọ́.

Mo ti fowó ránṣẹ́ fún ọ̀já apá tèmi, kò tíì dé. Títí dìgbà náà, tí ẹ bá kọjá lórí òkè Mọ́kọ́lá láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ rí obìnrin kan tó dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó fi ìka méjì sí ọrùn, èmi ni.