Yánníbo Kì Í Ṣe Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ pariwo díẹ̀ níbí, torí mi ò lè pariwo ní Sátidé tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìkómọ la lọ ṣe. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló bímọ, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn. Èmi ni mo ṣáájú ẹ̀ wọlé, ó di ọdún 9, àmọ́ Ìyá Ayọ̀ ni wọ́n ń pe òun, èmi ṣì ni "Ìyàwó". Ẹni tó bá ti gbé agboolé rí mọ ohun tí mò ń wí.

Wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀, oníkálukú ń ju owó sí i, ó ń sọ ọmọ lórúkọ. Mo ju tèmi, mo pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Kí n tó jókòó, wọ́n ti gbé ọmọ kọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n ní kí n pọ̀n ọ́n kí tèmi lè bá a wá. Ìyẹn ò dùn mí. Mo ti pọ̀n tó ọmọ 20, ẹ̀yìn mi ti mọ́ ọn lára. Ìyá kan nínú ẹbí wá gba ọ̀rọ̀ sọ: "Ìyàwó, mo gbọ́ pé ìtàn lò ń kọ kiri orí fóònù. Ṣé báírò ló ń fún èèyàn lóyún ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àgbà ni wọ́n, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bí mi nínú ni ẹni tó fẹ́ gbèjà mi. Arábìnrin kan, ó kàwé, ó gbọ́n, ó máa ń ka nǹkan tí mò ń kọ. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Àǹtí mi, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn ìtàn yín wọ̀nyẹn, ọmọ ni wọ́n. Ẹ ti bímọ, ẹ ò kàn mọ̀ ni."

Mo ti bímọ. Ẹ gbọ́ o.

Ìtàn kì í jí lóru kó ké. Ara ẹ̀ kì í gbóná. Bí mo bá kú lọ́la, Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá tí mò ń kọ ìtàn ẹ̀ síbí ní gbogbo Fúráìdé, ò ní wá bu yẹ̀pẹ̀ sí pósí mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tó kàn mí ni òwe fẹ́ yí ohùn padà? Ẹni tó bá fẹ́ bá mi kẹ́dùn, kó bá mi kẹ́dùn. Kó má fi bébà dí mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. 2021, IVF ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn kí dókítà pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta kí wọ́n tó dá a padà sínú obìnrin. Abẹ́rẹ́ wà nínú fíríìjì láàárín ata lílọ̀ àti ẹja. Bó bá ti di aago 8 alẹ́, màá mú un, màá gún ara mi níkùn, ọkọ mi á kọjú sógiri torí kò lè wo abẹ́rẹ́. Wọ́n dá ọlẹ̀ méjì padà sínú mi, wọ́n ní kí n lọ dúró fún ọjọ́ 14. Mi ò mọ bí oṣù 9 ṣe ń gùn, àmọ́ mo lè búra pé kò gùn tó ọjọ́ 14 yẹn. N ò tilẹ̀ bá a dé òpin. Ọjọ́ kọkànlá ni ẹ̀jẹ̀ dé, nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ mi. Mo nu ojú, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Lálẹ́, mi ò rí oorun sùn, àdúrà ò wá. Àlọ́ Ìjàpá ló ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: Yánníbo ò bímọ, Ìjàpá lọ gba àsèjẹ lọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn ẹ̀ wú. A ti gbe "alugbinrin" títí ohùn wa fi há, a ti fi Ìjàpá ṣẹ̀sín títí. Mo wá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, Yánníbo ńkọ́? Obìnrin tó wà nílé tó ń retí àsèjẹ, ta ló padà wá sọ fún un pé ó ti tán? Kí ló ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Àlọ́ ò sọ. Ẹ gbọ́ àwọn ẹsẹ Ifá náà: obìnrin tó ń fẹkún sunráhùn ọmọ pọ̀ níbẹ̀ jáǹtìrẹrẹ. Wọ́n ní kó rúbọ, ó rúbọ, ó bímọ, ó wá ń jó, ó ń yọ̀. (Mi ò bá Ifá jà o, ẹ má wá bá mi nílé.) Àárín ẹkún àti ijó yẹn ni mo ti ń gbé láti ọdún 9, gbólóhùn kan ni wọ́n fi ń fò ó.

Mo fa ìwé ọmọ iléèwé kan yọ, irú èyí tí táímù tébù wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Yánníbo ti fọ àwo sílẹ̀." Ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, àkùkọ ti kọ.

Àwọn kan á ní ṣé ẹ rí i, ìwé kíkọ ń woni sàn. Mo ti ka ìyẹn náà. Lọ́dún 1986, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, James Pennebaker àti Sandra Beall, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ kọ ohun tó dùn wọ́n jù láyé, fún ọjọ́ 4. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tán ni inú wọn tún ń bàjẹ́ sí i. Ó di oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rí i pé àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára wọn ò lọ sọ́dọ̀ dókítà tó àwọn yòókù. Èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí wọn yẹn ni mo mọ̀ dunjú. Ó ṣì ń dùn mí. Mo kàn ń sùn ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé nínú èèyàn 6, ẹnì kan á bá àìrọ́mọbí pàdé láyé ẹ̀. Ẹ wá ka iye èèyàn tó wà níbi ìkómọ wa kí ẹ ṣírò ẹ̀. Ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi ní ìdákọ́ńkọ́ lẹ́yìn apá kẹfà: "Ọ̀dọ̀ mi ni ìṣòro wà, ìyàwó mi ni wọ́n ń bú. Èmi ni Ìjàpá." Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn títí dòní.

Gbogbo yín sì ń da ìbéèrè kan náà bò mí: ẹ jẹ́ kí Yánníbo lóyún, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ní rárá. Tó bá lóyún, àlọ́ tún ti di àlọ́ nìyẹn.

Àmọ́ màámi pè lálẹ́ àná. Wọn ò mọ̀wé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń kà á sí wọn létí ní gbogbo Fúráìdé. Fún ọdún mélòó kan, bí wọ́n bá ti béèrè ọkọ mi tán, ohùn wọn á wálẹ̀: "Ṣé kò tíì sí nǹkan?" Màá ní kò tíì sí, mà. A ó dákẹ́, owó fóònù á máa lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn yìí, wọn ò bi mí mọ́.

"Yánníbo ńkọ́?"

"Ara ẹ̀ le, mà."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, mà."

"Sọ fún un kó má rán Ìjàpá níṣẹ́ mọ́. Kó lọ gba àsèjẹ ẹ̀ fúnra ẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó mọ bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn.

Ọ̀la ni Fúráìdé. Mo ti kọ apá kejìlá lọ́nà méjì. Nínú ọ̀kan, Yánníbo dojú àwo dé, ó lọ sùn. Nínú èkejì, ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láàárọ̀, èébì gbé e. Mi ò tíì mọ èyí tí n ó gbé síta. Màámi sì ti ní àwọn á tètè jẹun alẹ́.