Ṣé kí n lọ yan gàrí, àbí kí n dúró ti iṣẹ́ tí mò ń wá?

Ọmọ Mákun: Ẹ kú ilé o. Ọdún 6 ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan níbí ní Ṣágámù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dé géètì, wọ́n fún àwa mọ́kànlá ní lẹ́tà, ó parí. Oṣù 3 nìyí. Lóṣù àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń kọ̀wé. Ní báyìí, tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá fun fèrè níwájú ilé wa láago márùn-ún àbọ̀, mo máa ń jí, ṣùgbọ́n màá kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni, màá máa wo àjà. CV kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń ṣe gàrí ní Àgọ́-Ìwòyè ní kí n wá bá òun ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá ti lọ, ìwáṣẹ́ parí nìyẹn. Kí lẹ rí sí i?

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Àbúrò, má lọ o. Iṣẹ́ ni ìwáṣẹ́ fúnra rẹ̀. Jí, wẹ̀, wọṣọ, jókòó ti CV rẹ títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà kó o jáde lọ bá èèyàn. Oṣù 7 lèmi fi wá tèmi, mi ò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn.

Ìyá Onígàrí: Akọ̀wé, oṣù 7 yẹn, ta ló ń bọ́ ẹ?

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Ìyàwó mi ni, Ìyá. Tíṣà ni.

Ìyá Onígàrí: O ṣeun tó o sọ òótọ́. Gbogbo ilé kọ́ ló nírú rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ yan gàrí.

Ọlọ́kadà Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ má bínú, Ìyá. Ohun tó ń ba ọmọ yìí lẹ́rù ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní kí n fi ọ̀kadà ti ọjọ́ ná. Owó ojoojúmọ́ dùn. Tí mo bá délé lálẹ́, owó wà lápò, ẹ̀yìn ń dùn mí, màá ní ó dọ̀la kí n tó kọ̀wé. Ọ̀la yẹn ti di ọdún 2. Ìwé ẹ̀rí mi wà lábẹ́ ibùsùn, eku ti jẹ etí rẹ̀. Mi ò bú ọ̀kadà o, òun ló ń gbọ́ bùkátà ilé mi dòní. Ṣùgbọ́n tó o bá ń lọ, dá ọjọ́ tó o máa padà.

Ìyá Onígàrí: Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, ọmọ mi. Àmọ́ gàrí Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ọ̀kadà. Ọjọ́ tá a bá bó ẹ̀gẹ́, tá a fọ̀ ọ́, tá a lọ̀ ọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di inú àpò, ó máa wà níbẹ̀ bí ọjọ́ 4 tàbí 5 kó lè kan. Kíkan yẹn gan-an la fi ń mọ̀ ọ́n ní gàrí Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá kánjú yan án lọ́jọ́ kejì, oníbàárà á tọ́ ọ wò, á sì gbé e padà sílẹ̀. Tó bá kan tán la ó fi jáàkì fún omi rẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó yan án. Ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà nínú àpò, kí lò ń jókòó tì í ṣe? Gbé CV, wọkọ̀ lọ Ìlíṣàn, lọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Ìyá, ẹni tó ń ṣe é tà kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ti àná ṣe ń kan ni wọ́n ń bó ti òní. Kò ní sáyè.

Ìyá Onígàrí: Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣe àdéhùn ọjọ́ kó tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Tó bá débẹ̀ tán kó tó sọ ọ́, á dà bí ọ̀lẹ.

Ẹlẹ́gbẹ́ Òṣìṣẹ́: Ẹ dákẹ́ gàrí ná. Àbúrò, ṣé wọ́n san owó oṣù kan fún ẹ? Òfin Iṣẹ́ ní ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ṣáájú ni kí wọ́n ti sọ fún un, tàbí kí wọ́n san owó rẹ̀ dípò. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ náà ńkọ́? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù 4, ó lè gbà tó ìdá 25 nínú 100 owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Tọ́jú lẹ́tà yẹn, mo mọ ẹni tó fi ìbínú dáná sun tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kó o sanwó fọ́ọ̀mù kóun tó fún ẹ níṣẹ́, olè ni.

Ọmọ Mákun: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹni ọdún 38 ni mí. Wọn ò san nǹkan kan. Màá padà lọ béèrè.

Ìyá Onígàrí: Ta ló mọ̀ nínú ilé?

Ọmọ Mákun: Ìyàwó mi nìkan. Ilé ẹbí lèmi àti ìyá mi jọ ń gbé. Mo sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ ní ká lọ sinmi díẹ̀.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́ gan-an nìyẹn. Ìwáṣẹ́ rẹni, ká tún wá máa fi pamọ́ lé e lórí! Èmi náà sá fún ìpàdé régbérégbé wa, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, nítorí owó aṣọ ọdún Ojúde Ọba. Lọ́jọ́ tí mo wá lọ tí mo sọ pé iṣẹ́ ti bọ́, kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló tẹ̀ lé mi jáde, tó ní wọ́n ń wá akọ̀wé níbi tóun wà. Ibẹ̀ ni mo wà títí dòní. Mi ò rí iṣẹ́ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ọlọ́kadà Ìkẹ́nnẹ́: Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló nínúure bíi tiyín. Èmi sọ ọ́, wọn ò pè mí mọ́.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Ó dùn mí láti gbọ́ ìyẹn. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà náà.

Ọmọ Mákun: Mo sọ fún wọn lálẹ́ àná. Wọ́n ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Mo ti mọ̀ tipẹ́. Láti ìgbà wo ni mo ti rí aṣọ iṣẹ́ rẹ lórí okùn kẹ́yìn?” Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi wá. Mo sùn dáadáa.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti fẹnu kò: Ajé sí Ọjọ́rú ni ti gàrí, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì jẹ́ tèmi. Ọ̀la la máa bó ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi yẹ CV mi wò kó tó di Ọjọ́bọ̀?

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Mi ò tíì gbà lórí ọ̀rọ̀ gàrí o. Fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.